Kíkà Nìkan Kò Tó: Ìtàn Fífi Ìlà Dá Kúrómósóòmù Ẹranko àti Ohun Ọ̀gbìn Mọ̀, àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà fi ìlà hàn lára kúrómósóòmù láti dá ẹ̀yà ẹranko àti ohun ọ̀gbìn mọ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ní kíláàsì ní Agége, a sì tọ ipasẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ gba ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà títí dé etí odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èrò wa ni pé iye kúrómósóòmù lásán máa ń tan ènìyàn jẹ. Ètò ìlà ara rẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn ìbátan àti ìyàtọ̀. A fi hàn pé ilẹ̀ wa wà lára ibi tí ìmọ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ tó lágbára jù lọ, àti pé olùkọ́ tí kò ní ju maikirosíkóòpù kan lọ lè fi ìlà náà han akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìfáárà

Ẹni tó bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó ti tábìlì kékeré, tí wọ́n so awò mọ́ ojú, tí wọ́n sì ń wo inú fóònù. Àdúgbò ilé gbígbé ni òpópónà Otigba àti àwọn òpópónà tó yí i ká tẹ́lẹ̀, kí títa kọ̀ǹpútà tó gba ibẹ̀ kan ní ìparí àwọn ọdún 1990, kí fóònù alágbèéká sì tó wá kún un lẹ́yìn ọdún 2001. Bí a bá gbé fóònù méjì tó jọra fún ọ̀kan nínú àwọn alátùn-únṣe wọ̀nyí, kì í fi èèpo ẹ̀yìn wọn ṣe ìdájọ́. Yóò tú wọn, yóò fi awò wo ìlà àti àmì tó wà lára pátákó inú wọn, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ pé èyí kì í ṣe ọmọ ìyá ìyẹn. Ìmọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí kò jìnnà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó fa àpilẹ̀kọ yìí ṣẹlẹ̀ ní àkókò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Agége tí kò jìnnà sí ibùpa ẹran Oko-Ọba. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wa ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ó kọ ọ́ sára pátákó pé ènìyàn ní kúrómósóòmù 46, àgùntàn ní 54, ewúrẹ́ ní 60, màlúù sì ní 60. Ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ti ewúrẹ́ bá jẹ́ 60, tí ti màlúù náà jẹ́ 60, kí ló dé tí ewúrẹ́ kì í fi í bí màlúù?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹ̀yìn kíláàsì níbi tí òǹkọ̀wé yìí jókòó sí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, òǹkọ̀wé yìí sì wo ìwé tó wà níwájú ara rẹ̀. Ohun tí a gbọ́ kẹ́yìn ni pé: "A ó padà sí i ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọmọdé kì í béèrè ìbéèrè láìnídìí. Ìbéèrè ọmọ náà ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi nǹkan bí àádọ́ta ọdún bá jà, láàárín àwọn ọdún 1920 sí 1970. Àpilẹ̀kọ yìí ni ìpadàsí tí a ṣèlérí.

Kí ni kúrómósóòmù, kí sì ni káríótáìpù?

Inú sẹ́ẹ̀lì ni ohun abẹ̀mí ń kó ogún tó gbà lọ́wọ́ òbí rẹ̀ pamọ́ sí. Okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní DNA ni ogún yìí, pùrótéènì sì ni a ká a mọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, okùn yìí yóò kájọ, yóò ki, yóò sì di ohun tí a lè fi maikirosíkóòpù rí. Ohun náà ni kúrómósóòmù. Méjì-méjì ni wọ́n, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi ìsopọ̀ tó fún pọ̀ bí ìbàdí. Ti àwọn kan wà láàárín, ti àwọn mìíràn sì wà ní ìpẹ̀kun.

Bí a bá ya àwòrán gbogbo kúrómósóòmù inú sẹ́ẹ̀lì kan, tí a gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì tò wọ́n ní méjì-méjì láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kúrú jù, àtòjọ náà ni à ń pè ní káríótáìpù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sísáàsì, gọ́ọ̀mù àti páálí ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Láti orí kíkà dé orí ìlà

Ìlà ara kúrómósóòmù ti hàn sí ojú ènìyàn kí ènìyàn tó mọ ohun tí ó ń wò. Ní ọdún 1881, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Balbiani, tú ẹṣẹ́ itọ́ inú ìdin kòkòrò Chironomus, ó sì rí okùn ńláńlá tó ní ìlà dúdú àti ìlà funfun tó gbára wọn tẹ̀ lé e. Kò mọ̀ pé kúrómósóòmù ni. Ó di ọdún 1933 kí Heitz àti Bauer ní Jámánì, àti Painter ní Texas, tó fi hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé kúrómósóòmù ni àwọn okùn náà: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dà DNA kan náà ni ó dúró ti ara wọn láìpínyà, tí wọ́n fi di ńlá. Ní ọdún 1935, Bridges ya àwòrán ìlà kúrómósóòmù kòkòrò Drosophila lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni ya àwòrán ilẹ̀, ìlà náà sì tó nǹkan bí 5000. Heitz yìí kan náà ti ṣàkíyèsí ní ọdún 1928, lára àwọn ewéko kéékèèké tó jọ èéhù, pé apá kan lára kúrómósóòmù máa ń gba aró ju apá yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n inú kòkòrò bí eṣinṣin àti ẹ̀fọn ni irú kúrómósóòmù ńlá bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀. Ti ènìyàn, ti màlúù àti ti àlùbọ́sà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá pa wọ́n láró lásán, ara wọn yóò dúdú láti òkè dé ilẹ̀. Nítorí náà, kíkà ni ó kù, kíkà gan-an sì nira. Painter tó mọ ìlà Drosophila ti sọ ní ọdún 1923 pé kúrómósóòmù ènìyàn jẹ́ 48, gbogbo ayé sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ní ọdún 1952 ni T. C. Hsu kéde pé bí a bá fi omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó sí orí sẹ́ẹ̀lì, yóò wú, àwọn kúrómósóòmù inú rẹ̀ yóò sì fọ́n ká dáadáa. Ọ̀nà yìí wà lára ohun tí Tjio àti Levan lò ní Lund, ní Sweden, tí wọ́n fi kéde ní ọdún 1956 pé 46 ni.

Síbẹ̀, wọ́n kà á tán, wọn kò dá a mọ̀. Gígùn àti ibi ìsopọ̀ nìkan ni wọ́n ní, èyí kò sì ju kí wọ́n pín kúrómósóòmù ènìyàn sí ọ̀wọ́ méje lọ. Bí apá kan bá já kúrò lára ọ̀kan tó sì lẹ̀ mọ́ òmíràn, kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Torbjörn Caspersson àti Lore Zech ní Stockholm ni wọ́n já okùn yìí. Ní ọdún 1968, wọ́n fi aró kan tí wọ́n ń pè ní quinacrine mustard pa kúrómósóòmù, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀ sí i. Ìlà tó ń tàn yanran jáde lára rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ ohun ọ̀gbìn ṣàkíyèsí pé ẹ̀wà Vicia faba wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọdún 1970 sí 1971, wọ́n ti lè dá gbogbo méjì-méjì kúrómósóòmù ènìyàn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1971 yìí náà ni Arrighi àti Hsu gbé ọ̀nà tó ń fi ìlà àyíká ibi ìsopọ̀ hàn jáde, tí Marina Seabright ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde, èyí tí kò gba ìmọ́lẹ̀ àrà ọ̀tọ̀ kankan. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Paris ní ọdún 1971 ni ó fi ètò sí orúkọ àwọn ìlà náà.

Bí ìlà ṣe ń jáde

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ Abẹ́òkúta yóò tètè lóye ọ̀nà yìí. Alálàárẹ̀ aṣọ kì í sáré ti aṣọ bọ inú aró. Yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ ya ara aṣọ náà, kí ibi tí ẹ̀kọ bá wà má baà gba aró. Aró kan náà ni gbogbo aṣọ wọ̀. Ìmúrasílẹ̀ ara aṣọ ni ó mú kí àwòrán jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Seabright ṣe. Ó fi trypsin, èròjà tó ń da pùrótéènì, kan ara kúrómósóòmù fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó fi aró Giemsa pa á. Ibi tí ètò DNA àti pùrótéènì rẹ̀ gbà láyè dúdú, ibi yòókù sì mọ́. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé a kò fi ọwọ́ ya ìlà yìí. Ara kúrómósóòmù fúnra rẹ̀ ni ó ti wà, aró kàn fi í hàn ni. Apá tó dúdú kì í sábà ní àbùdá ìran púpọ̀ nínú. Apá tó mọ́ ni ó ní jù.

Aró Giemsa kì í ṣe àjèjì sí wa. Gustav Giemsa, onímọ̀ èròjà ní Hamburg, ni ó ṣe é jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún láti fi rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n. Aró tí a ṣe nítorí ibà ilẹ̀ olóoru ni ó wá di kọ́kọ́rọ́ kúrómósóòmù gbogbo àgbáyé.

Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù

A lè padà wàyí sí ìbéèrè ọmọ Agége. Yàtọ̀ sí méjì tó ń pinnu akọ àti abo, kúrómósóòmù 58 ni ó kù fún ewúrẹ́, 58 fún màlúù. Ìpẹ̀kun ni ibi ìsopọ̀ gbogbo wọn wà. Bí a bá tò wọ́n, wọn a dà bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀ tí a fi gígùn tò, èyí tó wà lápá ọ̀tún kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lápá òsì. Kí ìlà tó dé, kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ pé èyí ni ìkẹjọ, èyí ni ìkẹsàn-án.

Ní ọdún 1973, Evans, Buckland àti Sumner fi ìlà yẹ ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù wò pọ̀. Ohun tí wọ́n rí yẹ fún àròjinlẹ̀. Àgùntàn tó ní 54 ní kúrómósóòmù ńlá méjì-méjì mẹ́ta tí ibi ìsopọ̀ wọn wà láàárín. Nígbà tí ìlà jáde, ó hàn pé apá kọ̀ọ̀kan àwọn ńlá wọ̀nyí bá kúrómósóòmù odidi kan lára ewúrẹ́ mu. Ìyẹn ni pé kò sí ohun tó sọnù: méjì-méjì mẹ́fà ni ó so pọ̀ di méjì-méjì mẹ́ta nínú ìran àgùntàn. Bí a bá yọ 6 kúrò nínú 60, 54 ni yóò kù. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìṣirò náà sára pátákó.

Nítorí náà, àgùntàn tí iye tirẹ̀ yàtọ̀ ni ìbátan ewúrẹ́ tó súnmọ́ ọn jù. Màlúù tí iye tirẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ewúrẹ́ ni ó jìnnà. Ìlà màlúù jọ ti ewúrẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé baba ńlá kan náà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n kúrómósóòmù X wọn yàtọ̀: ti ewúrẹ́ ní ibi ìsopọ̀ ní ìpẹ̀kun, ti màlúù kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ọmọ náà nìyí: iye ìwé tó wà nínú àpótí méjì lè dọ́gba, kí ọ̀rọ̀ inú ìwé má dọ́gba. Iye ni kíkà ń sọ. Ìlà ń fi bí a ṣe to orí ìwé hàn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an, DNA ni ó wà, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ya ewúrẹ́ nípa sí màlúù wà.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Oko-Ọba. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹran tí a ń rí níbẹ̀ ni màlúù oníké tí àwọn Fúlàní ń sìn ní òkè ọya. Ṣùgbọ́n màlúù tí kò ní iké ti wà ní ilẹ̀ wa tipẹ́: mùtùrù kékeré inú igbó, tó lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń fà, àti N'Dama tó ti ilẹ̀ Guinea wá. Gbogbo wọn ní 60. Ṣùgbọ́n kúrómósóòmù Y, tí akọ màlúù ń gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nìkan, yàtọ̀. Ti ìran aláìníké ní ibi ìsopọ̀ tó wọ inú. Ti ìran oníké tó ti Éṣíà wá wà ní ìpẹ̀kun. Ẹni tó bá rí Y akọ màlúù kan ti mọ ìran bàbá rẹ̀, ìbáà ní iké, ìbáà má ní in.

Ìwádìí DNA wá kún un lẹ́yìn náà. Ní àwọn ọdún 1990, ó hàn pé DNA tí màlúù oníké ilẹ̀ Áfíríkà ń gbà lọ́wọ́ ìyá jẹ́ ti ìran aláìníké. Ní ọdún 2000, Hanotte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Y ìran oníké ti tàn ká ọ̀pọ̀ agbo ẹran ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìtàn náà yé ni: akọ oníké ni àwọn darandaran ń mú wọ agbo abo tí kò ní iké. Bí a kò bá kíyè sí i, mùtùrù lè parẹ́ mọ́ wa lójú nígbà tí a ṣì ń rí màlúù lójoojúmọ́. Ohun tó wà nínú ewu nìyẹn: ẹran tó mọ bí a ti ń gbé inú igbó wa.

Ohun ọ̀gbìn

Ọ̀nà tí Seabright lò kì í sábà bá ohun ọ̀gbìn lọ. Kúrómósóòmù wọn máa ń kájọ ju ti ẹranko lọ ní àkókò pínpín sẹ́ẹ̀lì, àwọn ìlà kéékèèké sì máa ń wọ inú ara wọn. Ọ̀nà tó ń fi apá tí DNA rẹ̀ jẹ́ àtúnwí hàn ni ó ṣiṣẹ́. Vosa àti Marchi lo Giemsa bẹ́ẹ̀ lára ohun ọ̀gbìn ní ọdún 1972. Nípa rẹ̀ ni a fi mọ̀ pé orí ìpẹ̀kun ni ìlà àlùbọ́sà, tó ní kúrómósóòmù 16, sábà máa ń wà. Nípa rẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ fi dá kúrómósóòmù àlìkámà mọ̀, èyí tí 42 rẹ̀ jẹ́ àpapọ̀ ìran koríko mẹ́ta. Agbẹ̀bísí irúgbìn tó bá fẹ́ mú àbùdá tó ń dènà àrùn láti ara koríko igbó wọ ara àlìkámà lè fi ìlà mọ̀ bóyá kúrómósóòmù àjèjì náà ti wọlé.

Iṣu tiwa fi hàn bí kíkà lásán ṣe lè tan ni. Kúrómósóòmù iṣu funfun jẹ́ 40, wọ́n sì kéré gan-an lójú awò. Fún ìgbà pípẹ́ ni a gbà pé 10 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà pé mẹ́rin-mẹ́rin ni ó ní wọn. Ní ọdún 2005, Scarcelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ Daïnou àti Agbangla wà lára wọn, fi bí àbùdá ṣe ń pín láàárín òbí àti ọmọ hàn pé méjì-méjì ni, 20 sì ni ìpìlẹ̀. Iye náà kò yí padà. Òye wa nípa rẹ̀ ni ó yí padà. Ohun tí agbẹ̀bísí iṣu ń retí láti inú ìyípọ̀ ìran méjì sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Etí odò àti inú iyàrá: ìlà tó gba ojú là

Ibi tí ìmọ̀ ìlà ti ṣe iṣẹ́ tó lágbára jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀ràn eṣinṣin kékeré dúdú tó ń gbé ẹ̀bá odò tó ń sáré, tí ó ń gbé àrùn ìfọ́jú kiri. Láti ọdún 1903 tí Theobald ti sọ ọ́ ní Simulium damnosum, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni a kà á sí. Síbẹ̀, ohun kan rú àwọn oníṣègùn lójú. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, odidi abúlé ń fọ́jú, wọ́n sì ń sá kúrò ní ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ní inú igbó, àrùn náà wà, ṣùgbọ́n ìfọ́jú kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹṣẹ́ itọ́ inú ìdin eṣinṣin yìí ní kúrómósóòmù ńlá bí irú èyí tí Balbiani rí. Méjì-méjì mẹ́ta péré ni gbogbo wọn ní, nítorí náà kíkà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ rárá. Dunbar kọ́kọ́ fi ìlà hàn ní ọdún 1966 pé mẹ́rin ni ẹ̀yà tó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan náà ní Uganda. Ní ọdún 1975, Charles Vajime, onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àti Dunbar tẹ ìwé jáde tó ṣe àpèjúwe ẹ̀yà mẹ́jọ. Ohun tí wọ́n tẹ̀ lé ni ibi tí ìlà ti yí po: apá kan lára kúrómósóòmù já, ó dojú dé, ó sì tún lẹ̀ padà, tí ìlà tó yẹ kó jẹ́ a-b-d-e fi di a-d-b-e. Ìyípo yìí máa ń wà fún ìran kan, kò sì ní sí fún èkejì, gẹ́gẹ́ bí àbàjà àti pẹ́lé ti ń fi ìdílé hàn láyé àtijọ́.

Àkókò náà bọ́ sí i. Ní ọdún 1974 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbógunti àrùn náà ní orílẹ̀-èdè méje, tí Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà wà lára wọn. Ọkọ̀ òfuurufú ń da oògùn temephos sínú odò láti pa ìdin. Ìlà ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà ọ̀dàn, damnosum gan-an àti sirbanum, ni ó ń gbé irú àrùn tó ń fọ́ni lójú, àti pé àwọn tó ń bá afẹ́fẹ́ òjò wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń padà gba odò tí a ti fọ̀ mọ́, wà lára wọn. Nígbà tí oògùn kò ran àwọn kan mọ́ ní ìsàlẹ̀ odò Bandama ní Côte d'Ivoire ní ọdún 1980, ìlà náà ni ó sọ pé àwọn ẹ̀yà igbó ni, kí a tó mọ odò tí a ó ti yí oògùn padà. Ètò náà parí ní ọdún 2002. Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó gba nǹkan bí 600,000 ènìyàn lọ́wọ́ ìfọ́jú. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Oògùn ivermectin tí a ń pín fún ará ìlú ni a gbára lé nílé.

Ọ̀ràn ẹ̀fọn kò yàtọ̀. Láàárín ọdún 1969 sí 1976, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan nípa ibà ní Garki, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kano nígbà náà, tó sì wà ní Jigawa báyìí. Wọ́n fín oògùn propoxur sí ara ògiri inú ilé, ẹ̀fọn dín kù, ṣùgbọ́n ibà kò dáwọ́ dúró. Mario Coluzzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Róòmù fi maikirosíkóòpù wo kúrómósóòmù ẹ̀fọn Anopheles gambiae, wọ́n sì kéde ní ọdún 1977 pé àwọn tí ìlà wọn yàtọ̀ yàtọ̀ ní ìwà pẹ̀lú: àwọn kan a máa sinmi sára ògiri lẹ́yìn tí wọ́n bá mu ẹ̀jẹ̀ tán, àwọn mìíràn a sì jáde síta. Oògùn ògiri kò lè kan ẹni tí kò bà lé ògiri. Wọ́n rí i pẹ̀lú pé ìyípo ìlà kan wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n ní igbó olójò bí ti gúúsù wa. Ní ọdún 2013, ọdún kan lẹ́yìn ikú Coluzzi, ni a fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà ní Anopheles coluzzii.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ohun tó ń dun òǹkọ̀wé yìí ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ láìtíì fi ojú ara wọn rí kúrómósóòmù kan. Àwòrán inú ìwé ni wọ́n ń yà sínú ìwé, tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn láti tún un yà. Àìsí owó ni a máa ń tọ́ka sí. Òótọ́ ni pé ọ̀nà Seabright àti ti Caspersson gba yàrá ìwádìí tó péye. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Balbiani kò gbà á.

Ìdin Chironomus, ìdin pupa tó máa ń lọ́ra nínú omi adágún àti inú gọ́tà, wà káàkiri Èkó. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ méjì fa orí rẹ̀ kúrò nínú omi oníyọ̀ díẹ̀, ẹṣẹ́ itọ́ méjì tó mọ́ gaara yóò bá a jáde. A ó fi aró acetic orcein pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fi awẹ́ gíláàsì bò ó, a ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ rọra. Maikirosíkóòpù ilé-ẹ̀kọ́ lásán yóò fi kúrómósóòmù mẹ́rin hàn, pẹ̀lú ìlà wọn. Gbòǹgbò àlùbọ́sà tí a gbé lé orí omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta yóò fi 16 tirẹ̀ hàn pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kò ní jáde lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni Computer Village ti wúlò. Kámẹ́rà kékeré tí a ń kì bọ ojú awò, tí a sì ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, wà lára ohun tí a lè béèrè níbẹ̀. Bí kò bá sí, fóònù tí a dè mọ́ ojú awò náà yóò ya àwòrán tó tó ó wò. ImageJ, tí a ti ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1997, yóò wọn gígùn apá kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gé kúrómósóòmù àlùbọ́sà sí méjì-méjì mẹ́jọ láìlo sísáàsì. Yóò mọ ohun tí kíkà sọ fún un, yóò sì mọ ohun tí kò sọ.

Ìkádìí

A ti rí i pé ìtàn ìmọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àwọn ará òkèèrè nìkan. Aró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara ibà, ẹ̀rí rẹ̀ tó lágbára jù wá láti inú odò àti iyàrá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kà á. Lóde òní, kíka DNA lẹ́tà-lẹ́tà ti gba ipò ìlà nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ṣe to orí ìwé kò lè mọ ibi tí gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa fún akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni pé kí ó má kọ iye kúrómósóòmù sára pátákó kó sì pa chalk tì. Kí ó fi kún un pé àgùntàn ní 54 nítorí pé mẹ́fà so pọ̀ di mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ kí kíláàsì ṣe ìṣirò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ wa padà sí kíláàsì náà ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú ìgò omi gọ́tà àti maikirosíkóòpù kan. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ wo inú awò. Ó pẹ́ níbẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń tì í. Nígbà tó gbé ojú sókè, ìbéèrè mìíràn ni ó béèrè: "Sà, ṣé ti ẹ̀fọn náà nílà bẹ́ẹ̀?" Olùkọ́ rẹ̀ dáhùn, kò sì wo ẹ̀yìn.